Títọ Ipasẹ̀ Baba Ńlá Tí Kò Jọba: Ohun Tí Orúkọ, Ọ̀rọ̀ Ìbátan àti Ìwé Lè Sọ ní Ilẹ̀ Yorùbá-Nàgó

1. Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà

«Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.» Láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu àti Ṣábẹ̀, kò sí ibi tí a kò ti mọ òwe yìí. Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́ pé a wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá mú orúkọ lọ́wọ́ lè ti ibẹ̀ padà sí ilé náà. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ èdè fi ní ipa tirẹ̀ nínú iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí iṣẹ́ òpìtàn nìkan, èyíinì ni títọ ipasẹ̀ baba ńlá tàbí ìyá ńlá ẹni.

Ìtàn ọba ní olùtọ́jú tirẹ̀. Ní Kétu, oyè Baba Ẹlẹ́gùn wà fún ẹni tí ó gbọ́dọ̀ mọ ìtàn ìlú àti ti àwọn Alákétu sórí, kí ó sì kà á nígbà tí a bá ń fi ọba tuntun jẹ. Ṣùgbọ́n kò sí oyè tí a dá sílẹ̀ fún ìtàn àgbẹ̀ tí ó roko títí ó fi kú, tàbí fún ìtàn obìnrin tí ó rẹ aṣọ láró ní agbo ilé ọkọ rẹ̀. Bí ìtàn irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá yè, inú ọ̀rọ̀ ẹnu ilé ni ó ti yè: nínú orúkọ, nínú oríkì, nínú èèwọ̀, nínú bí àwọn ará ilé ṣe ń pe ara wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìgbafẹ́ lásán. Nígbà tí a bá ń pín ilẹ̀ ìdílé, tàbí tí a bá fẹ́ gba ìwé lé e lórí gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti 14 Oṣù Kẹjọ 2013, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń dìde ni pé ta ni ó bí ta ni. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin bá fẹ́ fẹ́ ara wọn, àwọn àgbà yóò béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Láti ọdún 2024 ni ìbéèrè náà sì tún ti gbòòrò sí i, nítorí òfin tí orílẹ̀-èdè Benin gbé jáde ní 2 Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àtọmọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú kọjá òkun láti di ọmọ ìlú, bí wọ́n bá lè mú ẹ̀rí wá pé ọmọ Áfíríkà ni baba ńlá wọn. Ẹni tí ó wà ní Salvador àti ẹni tí ó wà ní Kétu ń béèrè ohun kan náà.

2. Ibi tí okùn ti já

Kí a tó so okùn tí ó já, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó gbé já. Ní ilẹ̀ Kétu, ọdún 1886 ni ìjá tí ó tóbi jù lọ. Ní ọdún náà ni ogun Dàhòmì, ní ìgbà ọba Glele, kó ìlú náà, wọ́n fi iná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìhà Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé gba Àgbómẹ̀ ní 1892 ni àwọn tí ó kù bẹ̀rẹ̀ sí padà sílé, wọ́n tún ìlú kọ́, wọ́n sì fi Alákétu tuntun jẹ ní 1894. Láàárín nǹkan bí ọdún méje, àwọn ọmọ bí, àwọn àgbà kú, àwọn obìnrin ní ọkọ mìíràn, àwọn kan kò sì padà mọ́. Kò sí agbo ilé ní Kétu tí ìtàn rẹ̀ kò gba inú ihò yìí kọjá.

Ìjá kejì ni ti ààlà. Àdéhùn tí àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 10 Oṣù Kẹjọ 1889 fi Kétu sí apá kan, ó sì fi àwọn ìlú bí Ìmẹ̀kọ sí apá kejì. Nígbà tí ogun 1914 sí 1918 dé, tí àwọn Faransé ń fi agbára kó àwọn ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ológun, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù wọn, wọ́n sì kọjá sí apá àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé kan náà wá ní ọmọ tí a ń kọ orúkọ wọn ní ọ̀nà Faransé àti ọmọ tí a ń kọ orúkọ wọn ní ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì.

Ìjá kẹta kò ní ariwo. Ẹ̀sìn ni ó mú un wá. Ẹni tí ó di Mùsùlùmí gba orúkọ tuntun, ẹni tí ó ṣe ìrìbọmi gba orúkọ mímọ́, àwọn tí ó ti Bràsíìlì padà sí Àjàṣẹ́, tí a ń pè ní Àgùdà, sì mú orúkọ Potogí bọ̀. Orúkọ tuntun kò pa ti àtijọ́ run, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń wádìí ní láti béèrè orúkọ tí ìyá baba ńlá náà fi ń pè é nínú ilé.

3. Ọ̀rọ̀ ìbátan: ta ni «baba»?

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú kíkọ ìran ènìyàn sílẹ̀ kò ti inú àìrántí wá, inú ìtumọ̀ ni ó ti ń wá. Nínú èdè Yorùbá, ẹni tí ó bí ni jẹ́ baba, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kùnrin náà jẹ́ baba, àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ baba pẹ̀lú. «Baba ńlá» lè jẹ́ ẹni tí ó bí baba ẹni, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó ti kú ní igba ọdún sẹ́yìn. «Ẹ̀gbọ́n» àti «àbúrò» kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọn kò sì sọ bóyá ìyá kan náà ni ó bí àwọn méjèèjì. Nígbà tí ògbufọ̀ bá sọ gbogbo èyí di Faransé, ó di dandan kí ó yan ọ̀kan, ìgbà púpọ̀ ni ó sì ń yan èyí tí kò tọ́.

Àbájáde rẹ̀ ni pé ìran mẹ́rin lè sún di méjì. Bí ọmọ bá sọ pé «baba ńlá mi ni ó tẹ ilé yìí dó», olùkọ̀wé lè fi ẹni tí ó tẹ ilé dó sí ipò baba baba, kí àwọn méjì tí ó wà láàárín wọn sì sọnù.

Bẹ́ẹ̀ ni èdè náà fúnra rẹ̀ ní ohun èlò láti tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó ṣe pàtàkì níhìn-ín: «ọbàkan», àwọn tí baba wọn jẹ́ ọ̀kan ṣùgbọ́n tí ìyá wọn yàtọ̀, àti «iyèkan», àwọn tí ìyá kan náà bí. Ìbéèrè tí ó bá lo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí máa ń mú ìdáhùn tí ó ṣe kedere wá. Dípò «Ta ni baba rẹ̀?», kí a béèrè pé: «Ta ni ó bí i lọ́mọ? Ìyá wo ni ó bí i fún un? Àwọn wo ni iyèkan rẹ̀?» Nígbà tí a bá gba ọ̀nà ìyá wọlé, a ó rí i pé ogún, ilẹ̀ àti ìjà ilé ni ó sábà máa ń jẹ́ kí a rántí ìyà yàtọ̀ sí ìyá, nítorí ní ojú ọ̀pọ̀ ìdílé, iye ìyá ni a fi ń pín ohun tí baba fi sílẹ̀.

Àwọn obìnrin ilé ni ó sì yẹ kí a bi ní ìbéèrè jù. Ìyàwó tí a fẹ́ wá sínú agbo ilé ní láti mọ oríkì àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀, kí ó lè fi kí wọn ní òwúrọ̀ àti nígbà ayẹyẹ. Ohun tí ọmọ onílé lè gbàgbé nítorí pé ó rò pé tirẹ̀ ni, obìnrin ilé kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́.

4. Orúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Orúkọ Yorùbá kì í ṣe àmì lásán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ́rìí sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà ìbí. Babátúndé àti Yétúndé sọ pé baba àgbà tàbí ìyá àgbà ti kú kí a tó bí ọmọ náà. Ẹni tí kò mọ ọdún ikú baba àgbà kan, ṣùgbọ́n tí ó mọ ọjọ́ orí Babátúndé ilé náà, ti ní ìdajì ìdáhùn lọ́wọ́. Ìdòwú sọ pé ìbejì ti ṣáájú rẹ̀ wá sáyé láti inú ìyá kan náà, Àlàbá sì sọ pé Ìdòwú ti ṣáájú òun. Dúrójaiyé àti Málọmọ́ sọ pé ìyá wọn ti sin ọmọ rí. Àwọn ọmọ tí ó kú wọ̀nyí kò sí nínú ìwé kankan, orúkọ àbúrò wọn nìkan ni ó ń jẹ́rìí wọn.

Ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tún máa ń tọ́ka sí iṣẹ́ tàbí ìsìn ilé: Àyàn fún ìdílé onílù, Ọdẹ fún ọdẹ, Ọ̀jẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́gùn-ún, Ifá àti Ògún fún àwọn tí ń bọ wọ́n. Oríkì orílẹ̀ àti èèwọ̀ ìdílé ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nítorí bí ìdílé méjì tí ó jìnnà síra bá ní oríkì orílẹ̀ kan náà, tí wọ́n sì ń yẹra fún ẹran kan náà, ó yẹ kí a wò ó bóyá ibì kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Síbẹ̀, ìṣọ́ra ṣe pàtàkì. Abíọ́nà ni ọmọ tí a bí sí ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko náà ni ọ̀nà. A kò lè torí orúkọ yìí nìkan sọ pé ojú ọ̀nà Àgbómẹ̀ ni a ti bí ẹnìkan ní 1886. Ní Ṣábẹ̀, orúkọ Chabi wọ́pọ̀ gan-an. Ó bá ètò orúkọ àwọn Bàrìbá mu, níbi tí Woru ti jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin, tí Sabi sì jẹ́ èkejì. Ìtàn ìdílé ọba Ṣábẹ̀ náà so wọ́n mọ́ ilẹ̀ Bọ̀rùgú. Orúkọ náà ń fi hàn pé àwọn ènìyàn méjì ti gbé pọ̀ pẹ́, kò tó láti sọ pé Bàrìbá ni gbogbo ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ.

Bí orúkọ ṣe lè rìn jìnnà tó, ilé Alákétu ní Salvador, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, jẹ́ ẹ̀rí rẹ̀. Orúkọ obìnrin tí wọ́n sọ pé ó dá ilé òrìṣà náà sílẹ̀, Otampê Ojarô, ni a pa mọ́ láti ìran dé ìran. Nígbà tí onímọ̀ Vivaldo da Costa Lima ṣe ìwádìí rẹ̀, ó so Ojarô mọ́ Arò, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ọba márùn-ún ní Kétu. Ọmọ ọba ni ti ẹni yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kan gbogbo ènìyàn: ìró orúkọ lè dúró lẹ́yìn tí gbólóhùn tí ó yí i ká ti sọnù.

5. Orúkọ nínú ìwé

Ní ìgbà ìjọba Faransé, àwọn akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá, tàbí tí wọ́n gbọ́ ọ ṣùgbọ́n tí Faransé nìkan ni wọ́n kọ́ láti kọ, ni ó kọ orúkọ àwọn baba ńlá sílẹ̀. Wọ́n fi ch rọ́pò ṣ, wọ́n fi dj rọ́pò j, wọ́n fi ou rọ́pò u, wọn kò sì kọ àmì ohùn rárá. Báyìí ni Òjó ṣe di Odjo, tí Àjàyí di Adjaï, tí Adéṣínà di Adéchina, tí Fágbohùn di Fagbohoun, tí Ìdòwú di Idohou. Ọmọ ìyá Adéchina tí ó kọjá ààlà di Adeshina ní ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ wọn sì lè pàdé lónìí láìmọ̀ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Àìsí àmì ohùn ni ó léwu jù. Bí a bá rí «oro» nínú orúkọ kan, ó lè jẹ́ Orò, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ ọrọ̀. Ìwé nìkan kò lè sọ èyí tí ó jẹ́, etí ni yóò sọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí orúkọ nínú ìwé gbọ́dọ̀ gbé e padà lọ sí ilé, kí ó gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń pè é.

Àwọn ìwé tí ó lè ṣe ìrànwọ́ kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn ìwé ìjọba ìgbà Faransé wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ti orílẹ̀-èdè Benin ní Àjàṣẹ́ àti ní Aix-en-Provence ní ilẹ̀ Faransé. Ti apá Gẹ̀ẹ́sì wà ní Ìbàdàn. Àwọn àlùfáà ìjọ Páàdì tí ó dé Ouidah ní 1861, àti àwọn tí ó tẹ̀lé wọn, ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi fún sínú ìwé. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ìwé tí ilé ẹjọ́ fi ń rọ́pò ìwé ìbí, tí a ń kọ «né vers» sí, èyíinì ni pé a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí-báyìí. Ó wọ́pọ̀ kí ẹni tí ó dúró níwájú adájọ́ gẹ́gẹ́ bí baba nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ àbúrò baba, nítorí òun ni ó wà láàyè ní ọjọ́ náà, kò sì purọ́ ní èdè tirẹ̀.

6. Àpẹẹrẹ kan

Kí ọ̀nà náà lè yé ni, ká gbà pé ìdílé kan ní ìwé tí ó kà báyìí: Idohou, obìnrin, a bí i ní Kétu ní nǹkan bí 1890, ọmọ Odjo. Ìlà kan péré ni, ó sì dà bí ẹni pé ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ní 1890, Kétu ti di ahoro. Yálà ọdún náà kò tọ́, tàbí ibẹ̀ kò tọ́.

Ọdún ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. A kì í béèrè ọdún lọ́wọ́ àwọn àgbà, ohun tí ènìyàn lè ṣe ní ìgbà kan ni a ń béèrè. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ogun ní 1914, ṣé ó ti wọ ilé ọkọ? Nígbà tí a fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní 1946, ṣé ó ti di ìyá àgbà? Bí àwọn ìdáhùn bá fi hàn pé ó ti bí ọmọ méjì kí ogun 1914 tó dé, ọdún 1890 kò jìnnà sí òótọ́. A jẹ́ pé ibi tí a bí i sí ni ó yẹ kí a tún wò. Kétu tí ìwé kọ jẹ́ ibi tí ìdílé rẹ̀ ti wá, ìyẹn ni ó sì fi dáhùn nígbà tí akọ̀wé bi í léèrè, nítorí nínú Yorùbá, «Níbo ni o ti wá?» ń béèrè orírun ẹni.

Lẹ́yìn èyí, orúkọ. Ìdòwú ni, nítorí náà ìbejì ṣáájú rẹ̀. Bí ìdílé kò bá rántí wọn mọ́, kí a béèrè bóyá ère ìbejì wà nínú ilé rí, ta ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí a bá bí i ní ìhà Àgbómẹ̀, àwọn tí ó yí i ká yóò pè é ní èdè wọn. Àwọn Fọ̀n pẹ̀lú ní orúkọ fún ọmọ tí ó tẹ̀lé ìbejì: Dossou ni fún ọkùnrin, Dossi fún obìnrin. Ó ṣeé ṣe kí Ìdòwú ti ilé Kétu jẹ́ Dossi nínú ìwé ìrìbọmi ọmọ rẹ̀, tàbí lẹ́nu àwọn ìyekan tí kò padà. Ẹni tí ó ń wá Idohou nìkan yóò kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀. Ní ìparí, kí a béèrè bóyá ó máa ń fi èdè Fọ̀n ka owó tàbí rẹ ọmọ. Ẹni tí ó gbé ibì kan ní kékeré kì í sábà gbàgbé bí a ṣe ń kà níbẹ̀.

Ti Odjo, kí a má tètè gbà pé òun ni ó bí i. Òjó ni ọmọkùnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, ó sì wọ́pọ̀ débi pé agbo ilé kan lè ní mẹ́ta. Oríkì rẹ̀, bóyá Àjàní tàbí Àkànní, àti orúkọ ìyá rẹ̀ ni yóò yà á sọ́tọ̀.

7. Ọ̀rọ̀ tí ó gba ìfarabalẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá rí ni a ń sọ ní gbangba. Ní gbogbo ilẹ̀ yìí, àwọn ìdílé gba ẹrú àti ìwọ̀fà mọ́ra, wọ́n fún wọn ní aya, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, àwọn ọmọ wọn sì di ọmọ ilé. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí àwọn àgbà dá lé ọ̀rọ̀ náà ni ó jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jókòó láàárín àwọn ọmọ ilé yòókù. Bí ìwádìí bá kan irú rẹ̀, ọ̀dọ̀ olórí ìdílé ni kí a kọ́kọ́ mú un lọ, ní ìkọ̀kọ̀, kí a sì gbọ́ràn bí ó bá ní kí a fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá wá ìran rẹ̀ tí ó sì tú agbo ilé ká kò tíì rí ohun tí ó ń wá.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe kò le. Kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láàyè, kí a kọ orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí a kọ orúkọ ìyá sí ẹ̀gbẹ́ ti baba, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí àwọn méjì bá sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a kọ méjèèjì. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí a kọ báyìí nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan yóò wúlò fún onímọ̀ èdè, yóò sì wúlò fún adájọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò ṣe láǹfààní jù ni àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí, tí wọn yóò béèrè lọ́jọ́ kan pé ta ni Ìdòwú, tí ẹnìkan yóò sì lè dá wọn lóhùn.